Iná tí Mo So Mọ́ Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá

Bí ọyẹ́ bá mú ní àárọ̀, tí ojú ọjọ́ rí wúruwùru, tí n kò rí ibi tí òrùlé aládùúgbò mi parí sí, mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kan láti apá Pobẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì kankan níbẹ̀. Èyí tí mò ń sọ ti di irin àlòkù tipẹ́, adìẹ ti yé ẹyin sínú ìdajì ara rẹ̀. Síbẹ̀ n ó dúró lójúde pẹ̀lú pákò lẹ́nu, n ó máa gbọ́ ọ. Ìyàwó mi ti mọ̀. Á ní kí n wọlé kí otútù má bàa mú mi, n ó dá a lóhùn pé mò ń bọ̀, n kò sì ní lọ.

Iṣẹ́ dínámò, ẹ̀rọ kékeré tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń yí láti mú iná wá, ni mo fi jẹun ní Sakété. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá ọjà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àjàṣẹ́. Ìgbà tí òmìnira ṣì tuntun ni mò ń wí, tí àwọn àgbà ilé wa ṣì ń pe ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ní Kọ̀máńdà, orúkọ ọ̀gá òyìnbó ayé àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ dúdú bíi tiwa ló ti jókòó síbẹ̀. Bí iná kàmíọ̀n akẹ́rù kan bá kú lójú ọ̀nà, èmi ni wọ́n ń ké pè. N ó tú dínámò rẹ̀ palẹ̀, n ó pààrọ̀ àwọn ẹ̀dú kéékèèké tó ń ha ara bàbà nínú rẹ̀, n ó wé wáyà tuntun. N kì í kánjú. Ẹni tó bá ń kánjú, mo máa ń sọ fún un pé kó fi ẹsẹ̀ rìn, ẹsẹ̀ kò nílò iná.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Irin inú dínámò máa ń rántí. Bí o bá fi wáyà batirí kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, tó ta pàrà, tí o sì mú ọwọ́ kúrò, irin náà kò ní gbàgbé. Ìrántí kékeré yẹn ló fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá tún yí i. Bí kò bá rántí nǹkan kan, o lè yí i títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní mú iná wá. Mo máa ń jókòó ronú sí i ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú tí kò sí oníbàárà, oorun á sì gbé mi lọ sórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ni àwọn Faransé mú lọ ṣe ṣọ́jà nígbà tí mo ṣì kéré. Dakar ni wọ́n gbé e lọ, ó sì ń tún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ọ̀gá kan tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń gbé e fò, títí òun náà fi mọ bàálù wà. Nígbà tó fi máa padà dé, ojú ìyá wa ti ń ṣú. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú rẹ̀, ó wá imú rẹ̀, ó wá irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, “Ṣé báyìí lo ṣe wá dàgbà?” Ọmọkùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n ló lọ, àgbàlagbà ló dé, ìyá mi kò sì rí ojú ẹni tó dé náà.

Orogún ìyá mi ń gbé inú agbo ilé kan náà pẹ̀lú wa. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ní bàálù wo? Ó ní abẹ́ bàálù àwọn òyìnbó ni ọmọ náà ti ń gbálẹ̀, ló bá délé tó ń pè é ní iṣẹ́ ńlá. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ará àdúgbò gbà á gbọ́, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹ̀gbọ́n mi bá kọjá. Ìyá mi kì í bá wọn jà. Ohun tó máa ń sọ kò ju pé, “Ẹ jẹ́ kó fò. Ojú mi ni n ó fi rí i.” Gbogbo wa sì mọ̀ pé ojú ọ̀hún ń lọ. Dókítà kan ní Àjàṣẹ́ ti wò ó, ó ní ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tó ń rí, ìyẹn náà kò sì ní pẹ́. Bí ẹnì kan bá tan àtùpà, ìyá mi á mọ̀. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé, á mọ̀. Ojú èèyàn ti parí fún un.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi sọ ara rẹ̀ di ẹni yẹ̀yẹ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fún epo pupa ní Pobẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó rí ọkọ̀ kan tó dojú dé sínú kòtò, irú ọkọ̀ kékeré àwọn Jámánì tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto. Ó bẹ ẹni tó ni ín, ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ní ìwé kan lọ́wọ́ tí wọ́n ya àwòrán bàálù onígi sí, irú èyí tí èèyàn lè kàn fúnra rẹ̀ nílé. Ó gbé ìwé náà fún káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Bí Sakété ti gbọ́ báyìí, ó di orin. “Ìjàpá tún fẹ́ fò!” Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà láti kékeré, bí ìjàpá ṣe tọrọ ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ, àti bó ṣe padà wá sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà á yà wo ìyẹ́ apá onígi lábẹ́ àtíbàbà káfíńtà, wọ́n á béèrè ẹyẹ tí wọ́n ti tọrọ rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi wá láti Pobẹ̀, ó jókòó sórí àpótí mi.

“Àbúrò, tí mo bá fò dé orí ilé wa, Ìyá ò ní rí àvíọ̀n yẹn. Wọ́n á gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyàwó bàbá wa á ní kàmíọ̀n ló ń lọ. Iná nìkan ló kù tí Ìyá ń rí. Bá mi gbé iná sí i níwájú, iná tó le.”

“Ẹ gbé batirí sí i.”

“Batirí wúwo. Tí mo bá gbé èyí tó máa tan irú iná bẹ́ẹ̀, n ò ní kúrò nílẹ̀.”

“Ẹ́ńjìnnì yín ò nílò dínámò láti fò, àbí?”

“Kò nílò ẹ̀. Ìyá ló nílò ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo dìde lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo gbé dínámò kékeré kan jáde tí mo ti yọ lára ọkọ̀ àwọn Faransé kan, mo nù ún, mo gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi ju bí mo ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Lára ọkọ̀ tó ti wá, apá ọ̀tún ló ń yí sí. Lára ẹ́ńjìnnì ìjàpá, ẹ̀yìn nìkan ni àyè wà, apá òsì ni yóò sì máa yí sí níbẹ̀. Dínámò tí a bá yí sí òdì ń pa ìrántí ara rẹ̀ ni. Mo pààrọ̀ àyè wáyà méjì nínú rẹ̀, mo fi batirí kàn án, ó ta pàrà, mo sì fún un ní ìrántí mìíràn. Lẹ́yìn náà ni mo rọ apá irin tí yóò dì í mú mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Irin kàmíọ̀n ni mo lò. Kàmíọ̀n ni mo mọ̀, lójú tèmi, ohun tó bá wúwo ló lágbára.

Ẹ̀gbọ́n mi ní a gbọ́dọ̀ wọn ohun gbogbo, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe aṣọ tí wọ́n fi bo ìyẹ́ apá, kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n tó péye wà nílé iṣẹ́ epo, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bàálù létí. Ìwọ̀n tó sún mọ́ wa ní Sakété ni ti ọkùnrin tó ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni, abẹ́ òjìji ilé ìkẹ́rù rẹ̀ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán. Ibẹ̀ la gbé gbogbo nǹkan lọ, ìyẹ́ apá, táyà, àgbá epo, dínámò mi. Ẹ̀gbọ́n mi ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àyè tilẹ̀ tún kù.

A fi kàmíọ̀n kó o lọ sí Pobẹ̀, nítorí pé ọ̀nà kan wà níbẹ̀ láàárín oko ọ̀pẹ tó gùn tó sì tọ́ tààrà. Mi ò lè gbàgbé ibẹ̀. Àwọn ọ̀pẹ tò sí ọ̀tún, wọ́n tò sí òsì, ìrì ń kán láti ara imọ̀ wọn, òórùn epo tuntun sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Bàálù kékeré náà jókòó sáàárín ọ̀nà, ó funfun, ó sì dà bí ohun tí mo lá lálàá. Ẹ̀gbọ́n mi wọ inú rẹ̀. Káfíńtà fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì dáhùn, gbogbo ẹyẹ inú oko náà fò kúrò nígbà kan náà. Ó sáré lọ títí a ò fi rí i mọ́. Lẹ́yìn náà a tún rí i tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbé díẹ̀, ìyókù kọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní kí n tú dínámò náà wá. Ó gbé e lọ́wọ́, ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an.

“Kílò mélòó la kọ fún èyí?”

“Márùn-ún, pẹ̀lú apá rẹ̀.”

“Ìwọ̀n ta ni?”

“Ti ẹlẹ́kùrọ́.”

Ó wò mí, mo wò ó. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti mọ ìwọ̀n yẹn. Ìyá mi ru èkùrọ́ lọ síbẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ fi fẹ́ wọnú èjìká, ìwọ̀n ní kò tó nǹkan. Àgbẹ̀ á ti abúlé Àgìdí ru ẹrù wá, ìwọ̀n á gbé ìdámárùn-ún rẹ̀ mì. A tilẹ̀ fi ń ṣe àwàdà ní Sakété: bí àgbàlagbà bá dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù, wọ́n á ní ó gun ìwọ̀n ẹlẹ́kùrọ́. Mo mọ̀ pé ó ń rẹ́ àwọn àgbẹ̀ jẹ. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó lè rẹ́ èmi jẹ, èmi tí mò ń jẹun lábẹ́ òjìji rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, káfíńtà náà bá mi rín in, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Dínámò yìí ló máa kọ́kọ́ kúrò.”

“Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá yọ ọ́, kí lẹ wá fẹ́ fò lọ ṣe ní Sakété?”

“Wọ́n á gbọ́ ohùn ẹ̀.”

“Ìyá ò sọ pé etí làwọn fẹ́ fi gbọ́ ọ.”

Inú ń bí mi, n kò sì fi pa mọ́. Mo sọ fún un pé kó yọ ìjókòó, kó yọ tìmùtìmù, kó yọ ìdajì epo inú àgbá, bó bá sì tún kù, kí òun fúnra rẹ̀ rù sí i. Ó wò mí bí ẹni pé ó fẹ́ gbá mi létí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa gbé e lọ, òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì náà bí ẹni tí àlá ń gbé rìn. Mo gé gbogbo etí irin tí kò wúlò kúrò lára dínámò náà. Mo ju apá irin kàmíọ̀n nù, mo ní kí àwọn tó ń rọ ìkòkò alumíníọ̀mù lẹ́yìn ọjà bá mi rọ òmíràn, wọ́n sì fi ìkòkò àlòkù ìyá mi ṣe é, èyí tó fi ń se ògì nígbà tí a wà ní kékeré. Ní Pobẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wọn gbogbo nǹkan tó kù ní ìwọ̀n ilé iṣẹ́, ní àkókò tí ọ̀gá rẹ̀ ń sun oorun ọ̀sán. Ó tún ń gbààwẹ̀ nínú oṣù tí kì í ṣe ti ààwẹ̀. Aya rẹ̀ rò pé ó ní obìnrin mìíràn lóde.

Nígbà tí mo parí, mo fẹ́ dán an wò lójú ìyá mi. Mo gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo, mo fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mo gbé iná iwájú mọ́tò kalẹ̀ níwájú ìyá mi lórí àpótí. Ilé ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe àjèjì sí i, ọdún mélòó ló ti ń ru àgbàdo wá síbẹ̀. Mo ní kó sọ fún mi bí iná bá tàn. Mo tan án.

“Ó ti tàn.”

Mo pa á. “Ó ti kú.” Mo tún tan án, ó tún mọ̀. Inú mi dùn débi tí mo fi pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ẹlẹ́rọ da àgbàdo oníbàárà kan sínú ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ ń kérora, ìyá mi tún ní, “Ó ti tàn,” bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, “Ìyá, ẹ ti ń kánjú jù mí lọ.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni ẹ̀gbọ́n mi mú. Ó ti rán dírébà kàmíọ̀n sí mi pé kí n gbé Ìyá jókòó síwájú ilé lẹ́yìn àdúrà Sùbúhì, nígbà tí ojú ọjọ́ kò tíì là tán, kí iná lè hàn dáadáa. Ọyẹ́ bo gbogbo ìlú. Mo tẹ́ ẹní, ìyá mi jókòó, tẹ́sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, ìborí rẹ̀ funfun. Àwọn ará ilé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Orogún rẹ̀ náà jáde, ó dá ọwọ́ sí àyà, ó ní otútù ń mú òun, bí nǹkan kan bá ń bọ̀, kó tètè bọ̀.

Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, láti ọ̀nà Pobẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí kòkòrò nínú àpótí. Ó dúró pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí iná. Nínú ọyẹ́, kò sí ìyẹ́ apá, kò sí bàálù, iná nìkan ló ń bọ̀ lójú ọ̀run, tó ń tóbi sí i. Ó fò rẹlẹ̀ kọjá lórí òrùlé wa débi pé mo rí bàtà ẹ̀gbọ́n mi, ó yí ká lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ewúrẹ́ ń sá káàkiri. Mo sunkún, n kò tijú láti sọ ọ́.

Ìyá mi ti dìde. Ó na ọwọ́ sókè síbi tí ohùn náà wà gan-an, ó sì ń yí bí ó ti ń yí. Ó kígbe, “Mo rí ọmọ mi! Ẹ wò ó, mo rí ọmọ mi!” Orogún rẹ̀ kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ní kó dárí ji òun. Gbogbo agbo ilé pariwo.

Nígbà tí ariwo náà ń lọ lọ́wọ́, tí bàálù ti ń padà, ìyá mi wá ọwọ́ mi, ó fà mí mọ́ra. Ó fi ẹnu kan etí mi.

“Ṣé ó tan iná náà?”

Mo wo ojú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni mo rántí ẹ̀rọ àgbàdo, bó ṣe ń kérora bí wọ́n bá da nǹkan sínú rẹ̀, tí dínámò náà sì ń mú un kérora bákan náà bí mo bá ti tan iná. Etí ló fi ń bá mi rí iná náà. Mo rántí pé ó ti tó ìgbà díẹ̀ tó ti ń bi mí bóyá wọ́n ti ṣí fèrèsé.

“Láti ìgbà wo, Ìyá?”

“Láti ìgbà tí òjò ti dá.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Tí mo bá sọ, ṣé á fò?”

Ó gbọn ọwọ́ mi jìgìjìgì. “Dá mi lóhùn. Ṣé ó tàn?”

“Ó tàn, Ìyá.”

“Báwo ló ṣe rí?”

Mo rọra sọ fún un. Mo ní níbẹ̀rẹ̀, nítorí ọyẹ́, ó pọ́n bí epo tuntun nínú igbá. Mo ní nígbà tó sún mọ́ wa, ó funfun, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀, àti pé nígbà tó yí, ó tàn sí ìborí rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi wọ kàmíọ̀n wá láti Pobẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ìyá wa, eruku ọ̀nà ṣì wà lórí rẹ̀. “Ìyá, ṣé ẹ rí mi?”

Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórí. “Mo rí ọ. Níbẹ̀rẹ̀, nítorí ọyẹ́, ó pọ́n bí epo tuntun nínú igbá. Nígbà tó sún mọ́ wa, ó funfun, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀. Nígbà tí o yí, ó tàn sí ìborí mi.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí lé orúnkún rẹ̀, ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wò mí, ó ní, “Àbúrò, dínámò ẹ ṣiṣẹ́.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó ṣiṣẹ́.”